Ilé Ẹ̀kọ Ìyá Ìbejì

Òórùn omi ògì tó ti kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ tí o bá yà kúrò ní títì Ẹ̀gbẹ́dá wọ àdúgbò wa. Òórùn àkàrà á wá tẹ̀ lé e, àkàrà tí àlùbọ́sà inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú epo gbígbóná, nígbà náà ni wàá mọ̀ pé o ti dé ilé ẹ̀kọ. Ilé ẹ̀kọ ni mo wí o, n kò wí ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí àmì orí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Láti ilé ẹ̀kọ ni mo ti máa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo sì ti fi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìwọ tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin tó ní sítóòfù nílé tún ń jẹun àárọ̀ níta, jókòó dáadáa, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, bẹ́ńṣì gígùn méjì ló kọjú síra wọn, tábìlì kan sì wà láàárín wọn tí wọ́n fi rọ́bà olódòdó bò. Òdòdó ara rọ́bà náà ti pa rẹ́ níbi tí àwa tá a máa ń wá lójoojúmọ́ ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, débi pé o lè fojú wá àyè oníkálùkù láìbéèrè. Abọ́ tánganran ni wọ́n fi ń bu ẹ̀kọ fún wa, àwọn abọ́ àtijọ́ tí etí wọn ti bó. Kò sí pátákó orúkọ lókè ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni aṣọ funfun tí ìyá tó ni ibẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wà, ó fi kọ́ ìṣó nínú ọ̀rá kí èéfín má baà bà á jẹ́. Lórí pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, agolo mílíìkì kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn àyàfi òun. Tí àkàrà àkọ́kọ́ bá ti jáde nínú epo, á ṣí agolo náà, á mú hóró oògùn méjì, ọ̀kan roboto, èkejì gígùn, á sì fi ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà gbé wọn mì. Mo ti wò ó títí tí mo fi sọ ọ́ di aago mi. Tó bá ti dé agolo náà padà, ó ti tó àkókò kí n dìde, kí n sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Òun náà kì í pe ẹnikẹ́ni nínú wa lórúkọ. Ohun tí o bá ń jẹ ni orúkọ rẹ. Inú tèmi kì í gba ata, láti kékeré ni. Nítorí náà, ó máa ń bu ẹ̀wà lílọ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó da ata sí èyí tó kù, tèmi ló sì máa ń kọ́kọ́ dín kí epo tó gba ata. Ó wá sọ mí ní Aláìláta. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀, mo fajú ro díẹ̀, torí ó jọ èébú létí mi. Nígbà tó yá, tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà tí mi ò gbọ́ "Aláìláta, tìẹ ti wà nílẹ̀," ó máa ń dà bíi pé ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì mọ́.

Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Bàbá Oníkókó lorúkọ tirẹ̀. Òun nìkan ni mo mọ̀ láyé tó fẹ́ kí ẹ̀kọ òun ní kókó. Ó ní bí ìyá àgbà òun ṣe ń pò ó nìyẹn, pé ẹ̀kọ tó bá jọ̀lọ̀ jù, aláìsàn ni kó lọ mu ún. Ìyá Ìbejì á wá mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ orógùn kí kókó lè bọ́ sí abọ́ bàbá, iṣẹ́ tí ẹlẹ́kọ mìíràn kò ní gbà láti ṣe torí orúkọ rẹ̀ lọ́jà. Ẹnì kẹta wa ni Ṣúgà-Díẹ̀, obìnrin aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Gowon Estate. Á ní òun fẹ́ ṣúgà díẹ̀, á sì ju hóró mẹ́fà sínú abọ́ kan. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń jókòó sí bẹ́ńṣì tó súnmọ́ ìdáná. A mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, a mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, a mọ ẹni tó ń bá lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ jà. Ní ti orúkọ, ta ló tún ń wá orúkọ nígbà tí ẹ̀kọ ti ń tutù?

Ṣùgbọ́n èmi, ọ̀rẹ́ mi, kò yẹ kí n wà lára wọn. Èmi tí mo ń pe orúkọ ọmọ méjìdínlógójì nínú rẹ́jísítà láràárọ̀, orúkọ wọn àti orúkọ bàbá wọn, tí mo sì ń bínú tí ọmọ bá dáhùn fún ẹlòmíràn! Mi ò béèrè orúkọ obìnrin tó ń fún mi lóúnjẹ rí. Ìbejì rẹ̀ gan-an, a kò rí wọn rí. Bàbá Oníkókó ní òkè òkun ni wọ́n wà. Ṣúgà-Díẹ̀ ní Ìbàdàn ni. Àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà lójú ẹni tó bímọ, kò sì sẹ́ni tó yíjú sí i láti bi í.

Nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lásìkò òjò, Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan. Kò sọ fún wa. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Oníkókó ṣàròyé pé ẹ̀kọ náà kan jù, pé ó jọ pé ẹni tó pò ó kò tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu òun wà ní títì títí di ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí òun ń bá Olúwa sọ. A kí i pé àdúrà á gbà. Lọ́jọ́rú, mo rí i tó ṣí agolo mílíìkì rẹ̀, tó mú hóró méjèèjì bó ṣe máa ń mú wọn, tó fi omi lásán gbé wọn mì, tí kò sì fi nǹkan kan tẹ̀ lé e. Mo rí i. Ó tilẹ̀ wù mí kí n sọ pé oògùn yẹn ń fẹ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n mo ní ta ni mo jẹ́ tí màá fi dá sí ààwẹ̀ àgbàlagbà. Mo dìde, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Lọ́jọ́bọ̀, mo yà sí àdúgbò náà, òórùn kankan kò pàdé mi. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ díẹ̀, orógùn wà nílẹ̀, ẹ̀kọ ti dà sílẹ̀ ó sì ti ń dì. Fọkanáísà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní Ìyá Ìbejì ń po ẹ̀kọ lọ́wọ́ ni òòyì kọ́ ọ tó sì ṣubú, pé oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá ló gbé e, tó ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndò lòun ń gbé e lọ. Fóònù rẹ̀ bọ́ sínú báfù ògì nígbà tó ń ṣubú. Fọkanáísà ti yọ ọ́, ó fi hàn wá, omi funfun ń kán lára rẹ̀, ó ti kú fin-ín-fin-ín. Bàbá Oníkókó ní kí la ń dúró ṣe. Mo pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pé mi ò ní lè tètè dé, Ṣúgà-Díẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwa mẹ́ta sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgàndò.

Ibi géètì ni ojú ti kọ́kọ́ tì wá. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ na ìwé sí mi pé kí n kọ orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ tèmi. Mo gbójú sókè wo bàbá, mi ò mọ ohun tí màá kọ. Ọdún mọ́kànlá ni ìgbọ̀nwọ́ wa ti ń kanra wọn lórí tábìlì kan o. Ó rí i lójú mi, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbé bírò fún Ṣúgà-Díẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. A wọlé lọ bá nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

A ní Ìyá Ìbejì la wá wò. Inú nọ́ọ̀sì náà dùn. Ó ní a kú oríire o, Olúwa á wò wọ́n, kí a gba ọwọ́ ọ̀tún, kí a gun àtẹ̀gùn, wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ ni. Ìjayà ò jẹ́ ká ronú, a gun òkè. Obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún la bá níbẹ̀ tó ń sùn, ọmọ tuntun méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dì sínú aṣọ, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń wò wá bí ẹni pé ó ń ṣírò irú ẹbí tá a jẹ́. Bàbá Oníkókó kò kọ́kọ́ mọ ohun tó máa ṣe. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà, ó ní a kì í pàdé ìbejì ká má wúre, ó sì wúre fún wọn. Ṣúgà-Díẹ̀ fi nǹkan díẹ̀ sí wọn lọ́wọ́. Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí, omi sì wà lójú mi.

Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè dáadáa. Kí lorúkọ rẹ̀? A ò mọ̀. Orúkọ ọkọ ńkọ́? A ò mọ̀. Ọmọ ọdún mélòó? Bàbá ní á ti lé ní ọgọ́ta. Ilé rẹ̀ ńkọ́? Ṣúgà-Díẹ̀ ní kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn wá. Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, kò fi wá ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó béèrè lóhùn pẹ̀lẹ́ pé kí la jẹ́ sí ìyá náà gan-an. Mo ti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní gírámà títí, ọjọ́ náà ni mo wá ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi tí mi ò rí i. Mo ní a máa ń mu ẹ̀kọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń to fáìlì lẹ́yìn rẹ̀ ló yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń pè ní Aláìláta nínú yín?"

Mo ní èmi ni.

"Orúkọ yín nìyẹn?"

"Ohun tó ń pè mí nìyẹn, mà."

Ó ní ìyá kan wà lọ́dọ̀ àwọn láti àárọ̀, oníkẹ̀kẹ́ ló gbé e wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, wọ́n bi í lórúkọ títí kò dáhùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dìde, kí òun lọ dín ti Aláìláta kí epo tó gba ata, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ kókó yẹn, bàbá ló ni ín. Wọ́n rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá Oníkókó fi ọwọ́ di ògiri mú.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò ju ọmọ àbúrò mi lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó ní ṣúgà ara ìyá já wálẹ̀ gan-an, wọ́n fún un ní èyí tó gbé e sókè, ó tún já padà, ọ̀rọ̀ náà sì ń kọ òun lóminú. Ó béèrè bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà. A kò mọ orúkọ, a kò mọ ilé. Ìgbà náà ni Ṣúgà-Díẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ tirẹ̀ láéláé, pé nígbà tí òun rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣúgà ń bá òun jà. Bàbá ní láti ọjọ́ Ajé ni kò ti tọ́ ẹ̀kọ wò, ààwẹ̀ ló wà. Ó wá ku èmi. Mo ní oògùn méjì ló máa ń lò láràárọ̀, ọ̀kan roboto, ọ̀kan gígùn, pé mo rí i tó lò ó láìjẹun lọ́jọ́rú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀bi rẹ̀ ń jẹ mí, torí mo rí i, mo sì dákẹ́.

Dókítà kò bá mi wí. Ó ní àwọn oògùn kan wà tí wọ́n máa ń pẹ́ lára, tí ẹni tó lò ó kò bá sì jẹun, ṣúgà rẹ̀ á máa já wálẹ̀ ṣáá lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá rò pé ó ti tán. "Tó bá jẹ́ èyí tí mò ń rò ni, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára wọn. Ẹ lọ bá mi wá oògùn yẹn, ẹ má pẹ́."

Mi ò rántí bí mo ṣe dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ohun tí mo rántí ni pé mo dúró síwájú pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́, iná ti kú, epo ti dì nínú agbada, ọwọ́ mi kò sì fẹ́ kan agolo náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wò ó lókèèrè. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀, mo sì ṣí i. Oògùn méjèèjì wà nínú páálí wọn. Fọ́tò kékeré kan wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ méjì tó sùn lórí ẹní, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn. Káàdì ilé ìwòsàn kan sì wà tí wọ́n ká sí méjì. Mo ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: Rẹ̀bẹ́kà Àṣàkẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, sí àyè mi gan-an, mo sì sunkún. Ìṣẹ́jú kan péré ni o, torí dókítà ní n kò gbọ́dọ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n mo sun ún dáadáa.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn káàdì náà, wọ́n kọ "Táíyé ọmọ mi" sí i. Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi padà ni mo ti pè é. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti Kánò, ó béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo dárúkọ ara mi, kò mọ̀ mí. Mo ní tíṣà tó máa ń mu ẹ̀kọ lọ́dọ̀ màmá ni, kò dá a lójú. Ni mo bá gbé ìtìjú tì, mo ní Aláìláta ni. Ó pariwo orúkọ náà bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀sẹ̀ tí màmá òun kì í dárúkọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Mo sọ fún un. Ó ní òun ń bọ̀.

Oògùn tí dókítà ń rò náà ni. Nígbà tó rí i, ó mi orí, ó pe nọ́ọ̀sì méjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní ká jókòó síta. A jókòó títí oòrùn fi kúrò lórí ògiri iwájú wa. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ ti ń dúró, ṣùgbọ́n kò tíì la ojú, kí a máa bá a sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì pe "Màmá Rẹ̀bẹ́kà" lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò dáhùn. Èmi náà pe Ìyá Ìbejì, ojú rẹ̀ kò mira. Bàbá Oníkókó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kò sí oríkì nínú káàdì yẹn. Mo ní ó wà, Àṣàkẹ́ ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé irú wa kò lè fi ẹnu wa pe ìyá tó tó bí wa lóríkì. Ẹni tó jù ú lọ ló ni ín, nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá nìkan ló sì ju ìyá lọ. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì pè é lóhùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn tí bàbá fi ń jí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ ò."

Ètè rẹ̀ mira. "Hẹ́ẹ̀n, bàbá mi," ó dáhùn, ohùn ọmọdé ni.

Ṣúgà-Díẹ̀ bú sẹ́kún. Ìyá la ojú, ó wo bàbá, ó wo Ṣúgà-Díẹ̀, ó wò mí, ó wá béèrè ta ló wà nídìí ẹ̀kọ. A ò mọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, títí nọ́ọ̀sì fi ní ká rọra, àwọn aláìsàn mìíràn wà níbẹ̀.

Táíyé dé lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin gíga kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé ẹ̀kọ fi wà ní títì, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ búrẹ́dì tí kò bá mi lára mu. Lọ́jọ́ tí ìyá ṣí i padà, Bàbá Oníkókó ti fi òfin kan lélẹ̀: kò sẹ́ni tó máa fi ẹ̀kọ kan ẹnu kí ẹlẹ́kọ tó mu tirẹ̀ tán lójú wa. Tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó lọ bá dókítà sọ ọ́ ná. Ìyá ṣàròyé pé a ti fẹ́ sọ òun di ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó mu ún, gbogbo wa ń wo ọ̀fun rẹ̀.

Èmi ti múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti ṣí agolo yẹn. Mo ní kó má bínú, pé a ṣe àìdáa, ọdún mọ́kànlá láìbéèrè orúkọ, pé láti òní lọ, Màmá Rẹ̀bẹ́kà ni màá máa pè é, torí orúkọ ẹni ni ẹ̀tọ́ ẹni. Mo sọ ọ́ bí tíṣà. Ó gbé orógùn sílẹ̀, ohun tí kì í ṣe nígbà tí ẹ̀kọ bá wà lórí iná.

"Aláìláta, o ṣeun," ó ní. "Àmọ́ má yí i padà, jàre. Táíyé nìkan ló dàgbà. Kẹ́hìndé ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Bàbá wọn ti kú, ìyá mi ti kú, Táíyé gan-an ò lè rántí ẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ pé ó wá sáyé. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ẹ̀yin á wọlé, ẹ̀yin á ní Ìyá Ìbejì, mo sì máa ń gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì."

Ó gbé orógùn rẹ̀ padà. Ẹ̀kọ náà ti dì díẹ̀ nísàlẹ̀, kókó kún inú rẹ̀, inú Bàbá Oníkókó nìkan ló dùn sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fi ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ títí dòní nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. A ti mọ orúkọ ara wa báyìí, a kọ wọ́n sí fóònù, a sì ti padà sí Aláìláta àti Ṣúgà-Díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá Oníkókó nìkan ló yí tirẹ̀ padà. Tó bá wọlé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Àṣàkẹ́," ọwọ́ ìyá á sì dúró díẹ̀ lórí ìkòkò kó tó máa po ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìmọ orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Mo ti wá mọ̀ pé èyí tí mo dá ni ti ọjọ́rú yẹn, tí mo rí i tó gbé oògùn mì láìjẹun tí mo sì gbẹ́nu dákẹ́, mi ò sì tún jẹ́ dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ti orúkọ, èyí tí mò ń fi ẹnu pè láìronú láti ọjọ́ yìí wá ni ìyá ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi jù. Nítorí náà, láràárọ̀, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ, mo máa ń dúró ná. Mi ò fi ìkánjú pè é mọ́, mo máa ń pè é já geere, kí ọmọ méjèèjì tó ni ín lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì."

"Aláìláta. Tìẹ ti wà nílẹ̀."